Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ prógíráàmù lórí Multics? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà máa ń gbọ́ orúkọ Multics nínú gbólóhùn kan péré, pé látara ẹ̀ ni Unix, operating system míì, ti wá, ó parí. Ó máa ń dùn mí, torí ọ̀pọ̀ nǹkan tá a fi ń kọ kóòdù lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti rò ó já, àwọn míì tiẹ̀ wà tá ò tíì rí irú ẹ̀ lò títí dòní. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù jọ síbí.

Kí ni Multics, ta ló ṣe é?

Operating system ni, ìyẹn prógíráàmù tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà, MIT, General Electric àti Bell Labs ló jọ dáwọ́ lé e láàárín 1964 sí 1965. Ẹ kọ́kọ́ rántí bí nǹkan ṣe rí láyé ìgbà yẹn o. Odindi yàrá ni kọ̀ǹpútà kan máa ń gbà, owó ńlá ni, kò dẹ̀ sẹ́ni tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ jókòó tì í bó ṣe wù yín, ńṣe lẹ máa lu iṣẹ́ yín sórí káàdì, ẹ máa kó káàdì fáwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ, ẹ máa lọ sílé, tó bá yá ẹ máa padà wá gba èsì, tó bá wá lọ jẹ́ pé àmì kan ṣoṣo lẹ gbàgbé ẹ tún máa bẹ̀rẹ̀ látòkè. Time-sharing ni wọ́n fi gbógun ti wàhálà yẹn: èèyàn púpọ̀ á jókòó, kálukú nídìí terminal tiẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo á máa pín àkókò ẹ̀ fún gbogbo wọn, ó dẹ̀ máa yá débi pé oníkálukú á rò pé òun nìkan lòun ni ín.

Fernando Corbató àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní MIT ti ṣe èyí tó ń jẹ́ CTSS ṣáájú, wọ́n fi han aráyé ní November 1961. Multics ni wọ́n fẹ́ kó gbapò ẹ̀, àmọ́ èrò wọn ti wá tóbi sí i. Wọ́n fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wà fún gbogbo ìlú tọ̀sán tòru bí iná mànàmáná àti tẹlifóònù ṣe wà, kí onílé kàn so terminal mọ́ ọn kó sì máa sanwó ohun tó bá lò. Oṣù October 1969 làwọn èèyàn MIT bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nígbà tó di 1970 General Electric ta ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ẹ̀ fún Honeywell, Honeywell ló ń tà á látìgbà yẹn lọ.

Wọ́n ní Multics kùnà ni wọ́n fi ṣe Unix. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá o, apá kan ọ̀rọ̀ nìyẹn. Bell Labs ló yọwọ́ lóṣù April 1969 torí iṣẹ́ náà pẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, owó sì ń jáde. Ken Thompson àti Dennis Ritchie wà lára àwọn tó ti bá wọn ṣe é, ìgbà tí wọn ò rí i lò mọ́ ni wọ́n lọ kọ èyí tó kéré, tó máa gba orí ẹ̀rọ kékeré, ìyẹn ló di Unix. Directory (ibi tí wọ́n ń kó fáìlì sí) tó ń bímọ bí igi ṣe ń yọ ẹ̀ka, shell (èyí tó ń gba àṣẹ yín) tó jẹ́ prógíráàmù lásán tí kì í ṣe ara kernel (ọkàn operating system), inú Multics ni wọ́n ti mọ gbogbo ẹ̀.

Àmọ́ Multics fúnra ẹ̀ ò kú. Ó dé nǹkan bí 80 ibi, ó wà ní Ford àti General Motors, àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà ń lò ó ní Pentagon, àwọn ará Faransé lò ó gan-an, ní ìlú ọba ó wà ní yunifásítì Bath, Bristol, Birmingham àti Cardiff, ó wà ní Calgary ní Kánádà. Ní 1985 òun ló kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí ààbò B2 lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, ti iléeṣẹ́ ètò ààbò Kánádà ní Halifax, ọjọ́ 30 October 2000 ni wọ́n pa á. Nǹkan tó ṣiṣẹ́ lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ ò lè sọ fún mi pé ó kùnà.

Èdè wo ni wọ́n fi kọ Multics fúnra ẹ̀?

PL/I. Ìpinnu yìí lèmi gbà pé ó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn náà, torí ẹ̀ mo máa pẹ́ díẹ̀ níbí.

Láyé ọjọ́un, assembler, ìyẹn èdè tó sún mọ́ ti ẹ̀rọ gan-an, ni wọ́n fi ń kọ operating system. Burroughs ti fi irú ALGOL kan kọ ti B5000 wọn lóòótọ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹni tó bá fi èdè tó ga kọ kernel, ẹ̀rọ ẹ̀ á máa wọ́ ni. Àwọn Multics wò ó pé iṣẹ́ yìí tóbi, àwọn tó máa ṣe é pọ̀, ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, tẹ́ni kan bá kọ nǹkan sílẹ̀ tó lọ, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ lè kà á kó yé e. Ni wọ́n bá mú PL/I. Èdè náà gan-an ṣì jẹ́ ọmọ tuntun nígbà yẹn, IBM àtàwọn oníbàárà ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀ ní 1964 ni, kò tíì sí compiler (prógíráàmù tó ń sọ kóòdù di èdè ẹ̀rọ) kankan fún un tí wọ́n lè gbọ́kàn lé.

Wọ́n gbéṣẹ́ compiler fún iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Digitek. Wọ́n dúró, wọ́n dúró, compiler ò dé. Doug McIlroy àti Robert Morris ní Bell Labs ló gbà wọ́n sílẹ̀, wọ́n fi irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ TMG, tí wọ́n dìídì ṣe fún kíkọ compiler, kọ èyí tó ń jẹ́ EPL, ìyẹn PL/I tí wọ́n gé kúrú. Ó lọ́ra, kóòdù tó ń tú jáde náà ò dáa tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun ni wọ́n fi kọ Multics títí ó fi dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Robert Freiburghouse àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Cambridge, Massachusetts kọ ojúlówó compiler, PL/I náà ni wọ́n fi kọ ọ́, ìyẹn ló dáa gan-an, àwọn tó lò ó ṣì ń yìn ín dòní.

Èrè ẹ̀ wá ńkọ́? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n lè tún nǹkan ṣe. Wọ́n máa kọ apá kan, wọ́n máa wọn bó ṣe ń yá sí, tí wọ́n bá rí ibi tó ń fa gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan á jókòó á tún ibẹ̀ kọ látòkè délẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà èyí tuntun á kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á tún yá jù ú lọ. Assembler ò lè gbà yín láyè bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá ti fi assembler kọ nǹkan tó ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rù á máa bà á láti fọwọ́ kàn án.

Ìkejì ni ààbò. Nínú èdè C, string (ọ̀wọ́ létà) ò mọ bí òun ṣe gùn tó. Nínú PL/I dandan ni kẹ́ ẹ sọ ọ́: orúkọ segment (ohun tí Multics ní dípò fáìlì) jẹ́ char (32), odindi ọ̀nà tó lọ sídìí ẹ̀ jẹ́ char (168). Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ki nǹkan tó gùn ju ìyẹn lọ sínú ẹ̀, ó máa gé e síbẹ̀ ni, kò ní ṣàn wọ ilé aládùúgbò. Paul Karger àti Roger Schell, tí wọ́n yẹ ààbò Multics wò fún àwọn ológun òfuurufú ní 1974, padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní 2002, wọ́n sọ ọ́ kedere pé buffer overflow, ìyẹn data tó ṣàn kọjá àyè ẹ̀, tó ń da gbogbo ayé láàmú ò rí ibẹ̀ gbé, èdè náà sì wà lára ìdí ẹ̀. Ara ẹ̀rọ náà tún ràn án lọ́wọ́, torí stack ẹ̀ (ibi tí prógíráàmù ń to iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ jọ sí) ń dàgbà lọ sókè ni, nǹkan tó bá ṣàn kọjá kì í tètè dórí àdírẹ́sì tí prógíráàmù máa padà sí.

Ṣé kò wá sí assembler rárá ni?

Ó wà, ALM lorúkọ ẹ̀. Àwọn ibi tó kan ara ẹ̀rọ gan-an tàbí tó gbọ́dọ̀ yá bí iná ni wọ́n ń fi kọ. Ẹni tó ń kọ prógíráàmù tiẹ̀ lásán lè lo Multics fún ọdún gbọọrọ kó má fọwọ́ kàn án.

Àwọn èdè míì wo ló wà níbẹ̀?

Wọ́n pọ̀ o. Fortran wà fáwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ẹnjiníà, COBOL wà fáwọn oníṣòwò, BASIC wà fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, Pascal dé nígbà tó yá. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni pé wọ́n lè pe ara wọn, èyí tẹ́ ẹ fi Fortran kọ lè pe èyí tí wọ́n fi PL/I kọ láìsí wàhálà, torí ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi ń pe procedure (apá kóòdù tó ní orúkọ tiẹ̀).

BCPL náà wà ńbẹ̀. Martin Richards ló kọ ọ́ ní 1967 nígbà tó wà ní MIT, runoff tí wọ́n fi ń to ìwé lórí Multics, BCPL ni wọ́n fi kọ ọ́. Ken Thompson mú BCPL, ó fún un pọ̀ di B, Ritchie sì sọ B di C. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń kọ C lónìí, ẹ mọ̀ pé ara àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò nílé Multics ló ti ṣẹ̀.

APL, èdè míì, náà ní ìtàn tiẹ̀. Dan Bricklin wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó ṣiṣẹ́ lórí APL fún Multics nígbà tó wà ní MIT, ibẹ̀ náà ni òun àti Bob Frankston ti mọra. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ ṣe VisiCalc fún Apple II, orí Apple kọ́ ni Frankston jókòó sí kọ ọ́ o. Orí Multics ti MIT ni, lóru torí owó ẹ̀ dín lóru, ó kọ assembler kan síbẹ̀ tó ń tú kóòdù 6502 (chip inú Apple II) jáde, ó wá ń gbé e lọ sórí Apple. Spreadsheet (tábìlì tó ń ṣe ìṣirò fúnra ẹ̀) àkọ́kọ́ tó sọ kọ̀ǹpútà kékeré di nǹkan tí oníṣòwò máa fowó ẹ̀ rà ní 1979, orí kọ̀ǹpútà ńlá onílé gogoro ni wọ́n ti kọ ọ́.

Ní ti data, MRDS jáde ní 1976, ó wà lára àwọn relational database (èyí tó ń to data sínú tábìlì) tí wọ́n kọ́kọ́ tà lọ́jà.

Tí mo bá fẹ́ kọ prógíráàmù kékeré kan, kí ni mo máa tẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ti login tán, ẹ pe editor tó ń jẹ́ qedx, ẹ tẹ `a` kó lè máa gba ohun tẹ́ ẹ bá kọ, tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ tán ẹ tẹ `\f`, ẹ tọ́jú ẹ̀, ẹ jáde:

```
qedx
a
hello: proc;
dcl ioa_ entry options (variable);
     call ioa_ ("E kaabo o, ^a", "eyin ara ile");
end hello;
\f
w hello.pl1
q
pl1 hello -table
hello
```

Ó parí. `ioa_` ni procedure tó ń tẹ nǹkan sójú terminal, `^a` ni ibi tí ọ̀rọ̀ máa bọ́ sí, tó bá jẹ́ nọ́ńbà ni ẹ máa kọ `^d`. Àmì ìlà ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn orúkọ ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń fi mọ procedure tó jẹ́ ti ilé ìkàwé system nìyẹn, kó má bàa forí gbá pẹ̀lú orúkọ tiyín. Tó bá ṣe tán, ó máa tẹ ìlà kan tó máa rí báyìí, `r 14:32 0.187 5`, aago ló kọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú àáyá tí CPU fi ṣiṣẹ́ fún yín, lẹ́yìn náà iye ìgbà tó lọ gbé page (ègé memory) wá látorí disk. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá pàṣẹ lẹ máa rí i, ẹ ò ní lè sọ pé ẹ ò mọ ohun tí kóòdù yín ń jẹ.

Ẹ wá kíyè sí ohun kan: a ò ṣe "link" rárá, ìyẹn ká so kóòdù wa mọ́ àwọn tó fẹ́ pè. A compile, a pe orúkọ ẹ̀, ó ṣiṣẹ́.

Báwo ló ṣe wá ń rí ioa_ láìsí linker?

Linker wà, àmọ́ ìgbà tí prógíráàmù bá ń sáré lọ́wọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ibí gan-an lọkàn Multics wà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lórí àwọn ẹ̀rọ tá a mọ̀, fáìlì wà lórí disk, memory wà lọ́tọ̀, ẹ máa ṣí fáìlì, ẹ máa kà á wọlé, ẹ máa kọ ọ́ padà. Ní Multics kò sí ìyàtọ̀ yẹn. Segment ni gbogbo nǹkan. Segment ní orúkọ nínú directory bíi fáìlì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pe orúkọ ẹ̀, ó ti wà nínú memory yín nìyẹn, ẹ lè fi pointer kàn án tààrà, hardware àti kernel ló máa lọ gbé page tẹ́ ẹ bá nílò wá fúnra wọn. Word oní 36 bit ni wọ́n ń lò, létà mẹ́rin nínú word kan, segment kan lè gba létà tó lé ní mílíọ̀nù kan. Prógíráàmù tẹ́ ẹ bá compile náà, segment ni, data yín segment ni, stack yín segment ni.

Nígbà tí `hello` bá wá kọ́kọ́ débi tó ti pe `ioa_`, ìtọ́ka tó wà níbẹ̀ ò tíì mọ ibi tó ń lọ, hardware á dá a dúró, linker á dìde, á máa wá orúkọ yẹn kiri: á kọ́kọ́ wo àwọn segment tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀, á wo directory tí prógíráàmù tó pè é wà, á wo working directory yín, á wá lọ sí ilé ìkàwé system. Tó bá rí i, á tún ìtọ́ka náà ṣe, iṣẹ́ á tẹ̀ síwájú. Lẹ́ẹ̀kejì tó bá tún débẹ̀ kò ní wá a mọ́, ó ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ ronú sí ohun tí ìyẹn ṣe fún ẹni tó ń kọ kóòdù. Ẹ lè máa run prógíráàmù tẹ́ ẹ ò tíì kọ tán! Tó bá dé ibi tó ti fẹ́ pe procedure tí kò sí, ó máa sọ fún yín pé òun ò rí i, ó máa dúró, kò ní kú. Ẹ lọ kọ procedure náà, ẹ compile ẹ̀, ẹ tẹ `start`, á ti ibi tó dúró sí máa lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ dán ẹ̀dà tuntun wò láìda tàwọn tó kù rú, ẹ fi ẹ̀dà tiyín sí directory tiyín, tiyín ló máa rí kó tó dé ti system. Tó bá wá di pé iṣẹ́ ti dúró dáadáa, àṣẹ `bind` wà tó máa so segment kéékèèké púpọ̀ pọ̀ di ọ̀kan kó lè tẹ́ẹ́rẹ́ kó sì yá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó ilé ìkàwé system jọ.

Ní Windows a ní DLL, ní Linux a ní .so, fáìlì kóòdù tí prógíráàmù púpọ̀ jọ ń lò, àmọ́ ìdajì ohun tí Multics ṣe nìyẹn. Tèmi ni pé ohun tá a pàdánù jù lọ nìyẹn.

Tí prógíráàmù bá kọsẹ̀ tàbí tí ò dúró mọ́ ńkọ́?

Ẹ tẹ BREAK. Á kọ `QUIT`, á wá tẹ ìlà tó ń sọ pé ẹ ti wà ní `level 2`. Prógíráàmù yẹn ò kúrò, ó wà lórí stack níbi tó dúró sí, ẹ sì ti ní shell tuntun lókè ẹ̀. Ẹ lè ka lẹ́tà yín, ẹ lè tún fáìlì ṣe, ẹ lè compile nǹkan míì. Tẹ́ ẹ bá ṣe tán ẹ tẹ `start` kó máa lọ, tàbí `release` tẹ́ ò bá fẹ́ ẹ mọ́, tàbí `program_interrupt` tó bá jẹ́ editor lẹ wà nínú ẹ̀ tẹ́ ẹ sì fẹ́ padà síbi tó ti ń gba àṣẹ láìpàdánù ohun tẹ́ ẹ ti kọ.

Bákan náà ló rí tí nǹkan bá bàjẹ́ fúnra ẹ̀. PL/I ní ohun tí wọ́n ń pè ní condition: tó bá pín nǹkan sí òdo, tó bá fọwọ́ kan ibi tí wọn ò gbà á láyè, condition kan á dìde, tí prógíráàmù yín bá ní ohun tó fẹ́ ṣe sí i á ṣe é, tí kò bá ní, system á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀, á fún yín ní level tuntun. Ẹ wá pe `probe`. Torí pé a fi `-table` compile, probe mọ orúkọ àwọn variable yín àti ìlà tẹ́ ẹ wà nínú kóòdù. `stack` á fi ẹni tó pe ẹni hàn yín, `source` á fi ìlà náà hàn, `value x` á sọ ohun tó wà nínú x, `let x = 5` á yí i padà. Ẹ kíyè sí i pé òkú prógíráàmù kọ́ lẹ̀ ń yẹ̀ wò o, èyí tó ṣì wà láàyè ni, kì í ṣe core dump, ìyẹn ẹ̀dà memory tí prógíráàmù tó ti kú fi sílẹ̀.

`profile` náà wà. Tẹ́ ẹ bá fi `-profile` compile, tẹ́ ẹ run ún, á sọ iye ìgbà tí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣiṣẹ́. Èyí wúlò gan, torí ibi tá a rò pé ó ń jẹ àkókò kọ́ ló sábà máa ń jẹ́.

Editor wo ni wọ́n ń lò?

Níbẹ̀rẹ̀, `edm`, tó rọrùn, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Lẹ́yìn ẹ̀ `qedx`, tó wá látinú QED, ìdílé kan náà ni òun àti `ed` ti Unix. Orí terminal tó ń tẹ̀wé sórí bébà ni wọ́n ṣe wọ́n fún, ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ní 1978 Bernard Greenberg ní Honeywell kọ Emacs fún Multics. Emacs ti wà ní MIT láti 1976, àmọ́ TECO, èdè editor àtijọ́ kan, ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹni tó bá ti rí TECO rí á mọ̀ pé ojú èèyàn ò lè gbà á tán. Greenberg fi Lisp kọ tiẹ̀ pátá, MacLisp, kódà èdè tẹ́ni tó ń lò ó á fi ṣàfikún sí i, Lisp náà ni. Ẹni kan tó ń ṣètò ìwé fún wọn lè fẹ́ kí bọ́tìnì kan máa ṣe nǹkan báyìí, á kọ ìlà Lisp méjì mẹ́ta. Richard Stallman, tó wà lára àwọn tó ṣe Emacs ti MIT, ti sọ ọ́ rí pé àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì, tí wọn ò gbà pé àwọn lè kọ prógíráàmù, kọ́ ọ nínú ìwé ìtọ́ni tí kò pè é ní prógíráàmù fún wọn, ẹ̀rù ò sì bà wọ́n. Nígbà tí Stallman ń kọ GNU Emacs, Lisp lòun náà mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Emacs lónìí, ẹ mọ baba yín.

Shell ńkọ́?

Louis Pouzin, ọmọ Faransé tó ṣiṣẹ́ lórí CTSS, ló pè é ní shell. Ó ti ṣe RUNCOM fún CTSS, tó ń ka àṣẹ látinú fáìlì, ó wá kọ bí ó ṣe yẹ kí ti Multics rí sílẹ̀ kó tó padà sílé. Glenda Schroeder ní MIT ló wá kọ ọ́ ní 1965.

Ní Multics, fáìlì tẹ́ ẹ bá kó àṣẹ sí á parí sí `.ec`, ẹ á fi `ec` pè é, `&1` ni ohun tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi tẹ̀ lé e. Nǹkan tó wù mí jù ni àwọn active function, tẹ́ ẹ máa fi àmì àkámọ́ onígun mẹ́rin ká. Ẹ wo èyí:

```
pl1 ([segs *.pl1])
```

`segs` á kó orúkọ gbogbo segment tó parí sí .pl1 jáde, àmì ìdè tó yí i ká á wá sọ fún shell pé kó tún àṣẹ náà ṣe fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ìlà kan, gbogbo iṣẹ́ ti compile. Orúkọ àṣẹ gùn kẹ́nikẹ́ni tó bá kà á lè mọ ohun tó ń ṣe, bíi `program_interrupt`, àmọ́ gbogbo wọn ní ìkékúrú, ẹ lè tẹ `pi`. Kí wọ́n gùn nínú ìwé kí wọ́n kúrú lọ́wọ́, ọgbọ́n gidi nìyẹn. Tẹ́ ò bá mọ àṣẹ kan, `help` á mú ìwé ẹ̀ wá, àwọn ìwé yẹn dáa, ẹni tó kọ wọ́n ronú nípa ẹni tó máa kà wọ́n.

Kí wá ni àléébù ẹ̀?

Owó ni ti àkọ́kọ́. Ẹ̀rọ tó lè run ún ṣọ̀wọ́n, GE-645 níbẹ̀rẹ̀, Honeywell 6180 láti 1973, torí segment àti ring tí wọ́n fi ń dáàbò bo nǹkan, inú hardware gan-an ló wà. Torí ẹ̀ náà ni wọn ò fi lè gbé e lọ sórí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú nígbà tí ayé yí padà, Unix lè lọ, Multics ò lè lọ. PL/I náà wúwo, ó gba oṣù kéèyàn tó mọ gbogbo igun ẹ̀, compiler ẹ̀ náà kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní 1985 Honeywell sọ pé àwọn ò ní ṣe ti tuntun mọ́. Mo gbà pé ìpinnu ọjà ni, kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ò dáa, ó ṣì dùn mí.

Ṣé mo lè gbìyànjú ẹ̀ lónìí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìròyìn ayọ̀ nìyí. Ní November 2007, Bull, tí ẹ̀tọ́ náà ti dé ọ̀dọ̀ wọn, gbà kí wọ́n ṣí source code ẹ̀ fún gbogbo ayé, MIT ló gbé e síta. Lẹ́yìn náà àwọn kan tí wọ́n nífẹ̀ẹ́ ẹ̀ kọ simulator tó ń jẹ́ DPS8M, tó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà Honeywell yẹn gẹ́lẹ́, Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú, pàápàá gbé e. Disk tí wọ́n ti fi Multics sí tẹ́lẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá a, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ tẹ̀ lé ìwé tó bá a wá, compiler PL/I, ALM, probe, qedx àti Emacs wà lórí ẹ̀, àpẹẹrẹ `hello` tó wà lókè yẹn á ṣiṣẹ́ bó ṣe wà.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Létà kékeré ni gbogbo àṣẹ, ẹni tó bá fi CAPS LOCK sílẹ̀ á máa ṣàárẹ̀ lásán. Èkejì, ẹ má kàn pa simulator bí ẹni pa fídíò o, ẹ jẹ́ káwọn tó wà lórí ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ sì fún system láṣẹ `shut`, torí àwọn page tí kò tíì padà sórí disk wà nínú memory, tẹ́ ẹ bá já iná lójijì, prógíráàmù atúnṣe tó ń jẹ́ salvager ló máa wá tún directory ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá tún tan án, ẹ sì lè má rí gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ kẹ́yìn mọ́.